Òpó Mú Ilé Ró, Ilé Mú Òpó Ró: Ìtàn Òpó, Àjà àti Ijó nínú Ilé Ìbàdàn

Kókó tí a gbé kalẹ̀ fún àpérò wa lónìí lè ya àwọn mìíràn lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ ọ̀pá irin ni, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń gbé nàró sínú yàrá láti máa rọ̀ mọ́ ọn jó. Ẹlòmíràn yóò bèèrè pé, kí ni ó kan olùkọ́ èdè Yorùbá nínú iṣẹ́ wẹ́dà àti ti bíríkìlà? Ó kàn mí, nítorí pé ọ̀rọ̀ Yorùbá kan ṣoṣo ni ó fa bí egungun ọrùn ọwọ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ṣe ṣẹ́, èmi náà sì wà lára àwọn tí ó sọ ọ̀rọ̀ náà.

Ọmọbìnrin náà ti jáde ilé-ẹ̀kọ́, ó sì gba ilé sí búńgálò kan ní Bódìjà. Ó ra ọ̀pá irin kan tí ó ní ìdè oníyíyí nídìí, irú èyí tí a máa ń fún mọ́ àárín ilẹ̀ àti àjà. Ó pe káfíńtà pé kí ó wá wo òkè. Káfíńtà gbójú sókè, ó ní, “Àjà yìí le.” Ọmọ náà kọjú sí mi, ó ní, “Bọ̀dá, kí ni ẹ̀yin rí sí i?” Èmi náà wo òkè, mo rí i pé ó tẹ́ pẹrẹsẹ, ó sì funfun. Mo ní, “Ó le.” Ní ọjọ́ kẹta, bí ó ti fi apá kan rọ̀ mọ́ ọ̀pá náà tí ó ń yí, àjà gbéra sókè, orí ọ̀pá yẹ̀, òun àti irin sì jọ balẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni ó fi gbé ọwọ́ kọ́rùn.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń bi ara mi pé: kí ni àjà tí àwa méjèèjì wí pé ó le? Ìdáhùn ìbéèrè yìí wà nínú ìtàn ilé wa, ibẹ̀ ni mo sì fẹ́ kí a jọ rìn dé lónìí.

ÒPÓ TÍ Ó MÚ ILÉ RÓ

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó. Orúkọ orílẹ̀ pàtàkì kan wà ní ilẹ̀ Yorùbá, Òpómúléró. Bí a bá tú orúkọ náà palẹ̀, odindi gbólóhùn ni: òpó mú ilé ró. Òpó ni olùwà, ilé ni àbọ̀. Òpó ni ó ń ṣiṣẹ́, ilé ni ó ń jẹ àǹfààní rẹ̀. Èdè kò ṣàdédé to ọ̀rọ̀ náà bẹ́ẹ̀. Bí ilé àwọn baba wa ti rí gan-an ni ó sọ.

Nínú agboolé àtijọ́, àwọn yàrá yí àgbàlá ká, ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì wà níwájú wọn. Òrùlé yọrí kọjá ògiri láti bo ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí, òpó ni ó sì gba orí rẹ̀ dúró. Ní ààfin ọba àti ilé ìjòyè, àwọn gbẹ́nàgbẹ́nà a máa fín àwọn òpó náà. Ní àárín ọdún 1910 sí 1914, Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀, tí ó kú ní 1938, gbẹ́ òpó àti ilẹ̀kùn fún ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn òpó wọ̀nyí fi ọba hàn lórí ìtẹ́ pẹ̀lú olorì tí ó dúró gbọnrangandan sẹ́yìn rẹ̀. Ó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ńlá kan ní Chicago, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, di òní. Àwọn àgbà ní bí onírèsé bá kọ̀ tí kò fíngbá mọ́, èyí tí ó ti fín sílẹ̀ kò lè parun.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ kíyè sí ni ọ̀nà tí ẹrù ń gbà. Òrùlé tẹ orí òpó, òpó sì gbé ẹrù náà sọ̀ sí ilẹ̀. Bí òrùlé bá ṣe wúwo tó ni òpó yóò ṣe rinlẹ̀ tó. Ènìyàn lè fara ti òpó bẹ́ẹ̀, ọmọdé lè dì mọ́ ọn ṣeré, kò ní mì, nítorí odindi òrùlé ni ó di orí rẹ̀ mú.

ÀJÀ TÍ Ó Ń GBÉ ẸRÙ

Nísinsìnyí, kí ni àjà? Nínú ilé alámọ̀ àtijọ́, a máa ń tẹ́ igi ńlá láti orí ògiri kan dé èkejì. Igi tí ikán kì í tètè jẹ ni a ń wá, irú bí agbọn olódu. A ó to ọ̀pá tàbí ọparun lé igi wọ̀nyí, a ó sì fi amọ̀ rẹ́ ẹ. Èyí ni àjà. Lókè rẹ̀ ni àwọn ìyá wa ń kó àgbàdo sí, ibẹ̀ ni wọ́n ń kó ìkòkò àti ẹrù sí, àwọn ọmọ sì ń gun àkàbà lọ mú wọn wá. Bí koríko òrùlé bá gbiná, àjà alámọ̀ a máa gba yàrá tí ó wà lábẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ díẹ̀. Nítorí náà, nígbà tí àgbàlagbà bá ní “òkè àjà,” ibi tí ó lè gbé ẹrù ni ó ń wí. Gbígbé ẹrù wà nínú ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà gan-an.

Ẹni tí ó bá gbé òpó kan sí abẹ́ irú àjà bẹ́ẹ̀, tí ó sì fún un mọ́lẹ̀, àjà náà yóò dá a lóhùn: bí òpó ṣe ń tì í sókè ni òun náà yóò máa ti òpó sísàlẹ̀.

ILÉ TUNTUN NÍ ÌBÀDÀN

Ìbàdàn tí a mọ̀ lónìí bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ibùdó ogun ní nǹkan bí ọdún 1829. Ilé alámọ̀ ni ó kún orí òkè rẹ̀. Ní 1901, ọkọ̀ ojúurin láti Èkó dé ìlú náà. Ọjà òkèèrè tètè ń wọlé lẹ́yìn èyí, páànù sì ń gba ipò koríko díẹ̀díẹ̀. Ní 1929, gbọ̀ngàn Màpó parí lórí òkè, òpó ńláńlá sì tò sí iwájú rẹ̀ bí ti àwọn ará Gíríìsì àtijọ́. Ní 1948, Yunifásítì Kọ́lẹ́ẹ̀jì dé sí Ìbàdàn. Àwọn olùkọ́, akọ̀wé àti òṣìṣẹ́ ìjọba ń pọ̀ sí i, wọ́n sì ń fẹ́ ilé tí ó yàtọ̀ sí agboolé.

Ní òpin àwọn ọdún 1950, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá àjọ ilé kíkọ́ sílẹ̀, Bódìjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í dìde pẹ̀lú títì àti búńgálò rẹ̀. Ní àkókò kan náà, ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀wàrà, 1959, tẹlifíṣàn bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní Ìbàdàn, ijó ilẹ̀ òkèèrè sì di ohun tí ènìyàn lè wò láti orí àga pálọ̀ rẹ̀. Ilé tuntun àti ijó tuntun jọ wọ ìlú náà ni.

Báwo ni a ṣe kọ́ àwọn búńgálò wọ̀nyí? Ògiri búlọ́ọ̀kù ni ó gba iṣẹ́ òpó ṣe. Igi òrùlé jókòó lórí ògiri, páànù jókòó lórí igi. Lábẹ́ igi òrùlé, káfíńtà kan pákó tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ ní igun mẹ́rin-mẹ́rin, ó sì fi ìṣó kan pálí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ mọ́ ìsàlẹ̀ wọn. Ní ọ̀pọ̀ ilé àtijọ́, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni pálí náà. Nígbà tí ó yá, a bẹ̀rẹ̀ sí í lo pákó fẹ́lẹ́, lẹ́yìn náà PVC àti POP. Iṣẹ́ pálí yìí ni láti bo igi òrùlé lójú, kí ó sì dín ooru páànù kù. Kò sí ohun tí a ń kó sí orí rẹ̀. Òun gan-an ni ó rọ̀ mọ́ ilé. Kò gbé nǹkan kan dúró.

Síbẹ̀, kí ni a pè é? Àwọn kan ń pè é ní sílìn. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń pè é ní àjà. A gbé orúkọ ohun tí ó ń gbé ẹrù fún ohun tí a fi ìṣó kọ́. Nígbà tí káfíńtà àti èmi wí pé àjà ilé náà le, ọ̀rọ̀ àwọn ìyá wa àgbà ni ó wà ní ẹnu wa, pálí aláwẹ́ fẹ́lẹ́ ni ó sì wà lókè orí ọmọ.

Ilé mìíràn tún wà. Ní 1965, Ilé Kòkó parí ní Dùgbẹ̀. Owó kòkó àwọn àgbẹ̀ wa ni a fi kọ́ ọ, ó ní àjà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, gíga rẹ̀ sì tó mítà 105. Ẹ wò ó bí a tún ṣe lo ọ̀rọ̀ náà: ní ibí yìí àjà túmọ̀ sí ilẹ̀ kọńkéré tí ènìyàn ń rìn lórí rẹ̀, tí irin rọ́ọ̀dù wà nínú rẹ̀. Ní oṣù Ṣẹ́rẹ́, 1985, iná jó ilé náà burúkú, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ dúró, a tún un ṣe, a sì tún ṣí i ní 1992. Irú ilẹ̀ kọńkéré bẹ́ẹ̀ ni àwọn bíríkìlà wa ń pè ní dẹ́kìn. Òun ni ó wà nínú àwọn ilé alájà tí a ń rí káàkiri Agbowó, Ring Road àti Challenge. Èyí súnmọ́ àjà àwọn baba wa ju sílìn lọ, nítorí ó ń gbé ẹrù.

IJÓ ORÍ ÒPÓ

Kí a tó wo bí a ṣe ń gbé òpó ijó nàró, ẹ jẹ́ kí a dáhùn ìbéèrè kan tí mo mọ̀ pé ó wà lọ́kàn àwọn òbí: ṣé irú ijó báyìí yẹ ọmọlúàbí? Lóòótọ́, ilé ọtí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n fífi ara rọ̀ mọ́ òpó kò bẹ̀rẹ̀ ní ilé ọtí. Ní ilẹ̀ Íńdíà, eré kan wà tí wọ́n ń pè ní mallakhamb: malla ni ajìjàkadì, khamb ni òpó. Àwọn ajìjàkadì ni wọ́n ń fi kọ́ agbára. Ní ilẹ̀ Ṣáínà, àwọn onídán a máa gun òpó gíga. Ní Mẹ́síkò, àwọn kan ń gun òpó, wọ́n sì ń fi okùn so ara wọn fò yípo bọ̀ wá sílẹ̀; àjọ UNESCO kọ ọ́ mọ́ àwọn àṣà àjogúnbá àgbáyé ní 2009. Ní àwọn ọdún 1990, obìnrin ará Kánádà kan, Fawnia Mondey, bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ àwọn ènìyàn ní ijó orí òpó gẹ́gẹ́ bí eré ìdárayá. Ní 2009 ni a dá àjọ àgbáyé fún eré ìdárayá náà sílẹ̀, wọ́n sì ṣe ìdíje àgbáyé ní London ní 2012. Àwọn ilé ìdárayá kan ní Èkó náà ti ń kọ́ ni.

Àwa pàápàá kì í ṣe àjèjì sí irú agbára bẹ́ẹ̀. Àwọn alárìnjó wa ń ta òkìtì, àwọn adẹ́mu wa sì ń fi igbà gun ọ̀pẹ. Ẹni tí ó bá ti wo adẹ́mu bí ó ti fi ẹsẹ̀ méjì ti igi, tí ó fi ẹ̀yìn sínmi lé igbà, ti rí ohun tí ẹlẹ́sẹ̀ òpó ń ṣe. Adẹ́mu kì í sì gùn láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ yẹ igbà rẹ̀ wò, kódà bí ó bá jẹ́ pé àná ni ó lò ó gbẹ̀yìn.

Ẹ wo ìyàtọ̀ kan tí ó ṣe pàtàkì. Òpó mallakhamb, a rì í mọ́ inú ilẹ̀ ni. Orí rẹ̀ kò kan nǹkan kan. Òpó àwọn onídán Ṣáínà, okùn ni a fi ń fà á dúró láti apá gbogbo. Ọ̀pẹ ní gbòǹgbò. Òpó ijó inú yàrá kò ní ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta: àárín ilẹ̀ àti àjà ni a fún un mọ́. Òpó àtijọ́ mú ilé ró. Òpó yìí, ilé ni ó ń mú un ró. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ń sọ ọ́ lórúkọ, Ilémúpòóró ni ǹ bá pè é. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ ilé ni ó ń ṣiṣẹ́, ilé ni a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

BÍ A ṢE LÈ GBÉ E NÀRÓ LÁÌSÉWU

Lákọ̀ọ́kọ́, ẹ mọ irú àjà tí ó wà lókè orí yín. Bí ó bá jẹ́ pé àwọn ènìyàn ń gbé lókè yín, dẹ́kìn ni. Bí ó bá jẹ́ páànù ni ó wà lókè, sílìn ni. Ẹ fi igi ìgbálẹ̀ kan án jẹ́jẹ́: dẹ́kìn kì í dún, sílìn a máa dún bí agolo òfìfo. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra, àwọn mìíràn a máa kan PVC sí abẹ́ dẹ́kìn. Bí irú rẹ̀ bá wà, a gbọ́dọ̀ ṣí ojú ibẹ̀, kí orí òpó lè kan kọńkéré gan-an.

Ẹ̀ẹ̀kejì, ẹ má ṣe fún òpó mọ́ sílìn láé. Bí a bá ń yí ìdè rẹ̀, sílìn yóò máa gbéra sókè, ìṣó yóò máa fà yọ, a ó sì rò pé òpó ń le sí i. Ohun tí ó ṣẹlẹ̀ sí ọmọ wa nìyẹn. Bí ilé bá jẹ́ ti àtijọ́, tí a sì fura pé ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni, kí ẹnikẹ́ni má ṣe lu ihò sí i, kí ó má ṣe rẹ́ ẹ, kí ó má sì ṣe fọ́ ọ. Eruku rẹ̀ ń fa jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró, àrùn náà sì lè fara pa mọ́ fún ogún sí ogójì ọdún kí ó tó jáde. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi òfin de gbogbo rẹ̀ ní 1999, South Africa sì ṣe bẹ́ẹ̀ ní 2008.

Kí ni kí ẹni tí ó ń gbé búńgálò wá ṣe? Ọ̀nà méjì ni ó wà. Ó lè gba ẹnjiníà tí ó mọ̀ nípa ilé kíkọ́, kí ó sọ bí a ṣe lè gbé igi líle tàbí irin kan láti orí ògiri dé orí ògiri, kí òpó wà lábẹ́ rẹ̀. Bí ẹ bá wò ó dáadáa, àjà àwọn baba wa ni a tún ṣe yẹn. Ọ̀nà kejì ni òpó tí ó ní ìdí fífẹ̀ tirẹ̀, tí kò kan òkè rárá. A kì í ṣe eré líle lórí irú èyí, nítorí ó lè dojú dé.

Ẹ̀ẹ̀kẹta, dẹ́kìn pàápàá ní tirẹ̀. Bí ó bá ti sán, tí irin ti yọjú, tàbí tí àmì ìpẹtà hàn lára rẹ̀, kí a fi í sílẹ̀. Bí a bá máa lu ihò láti de irin orí òpó mọ́ ọn, kí a kọ́kọ́ mọ ibi tí wáyà iná àti páìpù omi gbà. Ní alẹ́ ọjọ́ 16 oṣù Ṣẹ́rẹ́, 2024, nǹkan bú gbàmù ní Bódìjà; ẹ̀mí ṣòfò, ilé wó, ògiri ilé mìíràn sì sán. Àwọn àgbà ní bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀. Ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní àyíká náà, kí ó jẹ́ kí ẹnjiníà wo ilé náà kí ó tó fi ohunkóhun tì í.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin, ẹ wo ilẹ̀. Kí òpó má ṣe dúró lórí kápẹ́ẹ̀tì tàbí lórí táìlì tí abẹ́ rẹ̀ ṣófo. Ẹ fi okùn tí a so irin mọ́, bí àwọn bíríkìlà ti ń ṣe, wò ó bóyá òpó náà dúró gán-án. Òpó tí ó bá dagun díẹ̀, gbogbo ìgbà tí a bá yí lórí rẹ̀ ni yóò máa dagun sí i. Ìwọ̀n 45 mílímítà ni ìbú òpó tí a sábà máa ń lò. Páìpù omi tí wẹ́dà gé kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ẹ̀ẹ̀karùn-ún, ẹ fi àyè sílẹ̀. Kí ó tó mítà kan àti ààbọ̀, ó kéré tán, láti ara òpó dé ara ògiri, àga tàbí ibùsùn ní apá gbogbo. Kí fáànù òkè má ṣe sí nítòsí rárá. Ẹ tẹ́ fóòmù nínípọn sí ìdí òpó. Kí ẹni tí ó ń kọ́ ọ má ṣe dá wà nínú ilé, nítorí iná lè lọ nígbàkigbà, òkùnkùn sì lè bá a lókè. Kí ó máa yẹ ìdè òpó wò ní gbogbo ìgbà tí ó bá fẹ́ gùn ún, kí ó kọ́kọ́ fà á wò láti ilẹ̀, gẹ́gẹ́ bí adẹ́mu ti ń fa igbà rẹ̀ wò.

Paríparí rẹ̀, ayálégbé gbọ́dọ̀ gba ìyọ̀ǹda lọ́wọ́ onílé. Èyí kọjá ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀ lásán. Onílé, tàbí bíríkìlà tí ó bá a kọ́lé, ni ó mọ ohun tí ó wà nínú dẹ́kìn náà. Ìtàn ilé wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìtàn ilé ni a sì ń wá.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti sàn. Ó ti kó lọ sí ìsàlẹ̀ ilé alájà kan ní Agbowó. Ẹnjiníà wo dẹ́kìn ilé náà, onílé fi ọwọ́ sí i, a sì fi bóòtì de irin orí òpó mọ́ kọńkéré. Ní ọjọ́ tí wọ́n parí iṣẹ́, ó tún kọjú sí mi bí ti ìjọ́sí, ó ní, “Bọ̀dá, kí ni ẹ̀yin rí sí i?” Mo ní kí ó bi ẹnjiníà, nítorí èmi kò mọ̀ ju ọ̀rọ̀ lọ. Ó rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ẹ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín kò le. Kí oníkálukú lọ sí ilé, kí ó gbójú sókè, kí ó sì bèèrè lọ́wọ́ àgbà ilé pé: kí ni ẹ ń pe èyí, ìgbà wo ni a ṣe é, kí ni ó sì lè gbé? Kí ó kọ ìdáhùn rẹ̀ sílẹ̀ ní ojú ewé kan. Ilé tí a fi itọ́ mọ, ìrì ni yóò wó o. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò bèèrè ohun tí a fi mọ ilé kò lè mọ̀ títí ìrì yóò fi sẹ̀.